Téèpù Mi àti Ìwọ̀n Yín: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Kọmíṣánnà Ètò Ìlera Nílẹ̀ Yorùbá

Ẹ̀yin ọlọ́lá, ẹ̀yin Kọmíṣánnà fún ètò ìlera ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Ògùn, Oǹdó, Èkìtì àti Èkó,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ kú wàhálà wa. Télọ̀ ni mí, n kì í ṣe dókítà. Ọdún 27 rèé tí téèpù ti wà lọ́rùn mi ní Ìbàdàn níbí. Àwọn ọmọ mi ṣì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí dòní pé mo gbé e wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìdúpẹ́ kan, mo rò pé ìlẹ̀kẹ̀ ni. Ara èèyàn ni mò ń wọ̀n láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi máa ń ṣú, ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé mo lẹ́nu ọ̀rọ̀ lórí ìwọ̀n tó wà lẹ́nu ọ̀nà àwọn ilé ìwòsàn yín.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n ṣe ètò àyẹ̀wò ìlera ọ̀fẹ́ kan ládùúgbò wa. N kò ní dárúkọ àwọn tó ṣe é, torí tọkàntọkàn ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n pín oògùn aràn fáwọn ọmọdé, wọ́n sì fún àwa àgbà ní omi mu. Ìwọ̀n ni wọ́n gbé sẹ́nu ọ̀nà. Bí o bá dé, o ó bọ́ bàtà, o ó gun ìwọ̀n, ọmọkùnrin kan á ní kí o fẹ̀yìn ti ògiri kí òun lè mọ bí o ṣe ga tó, á tẹ fóònù rẹ̀, á sì kọ nọ́ńbà kan sórí páálí kékeré fún ọ. BMI ni wọ́n ń pe nọ́ńbà náà: wọ́n á fi gíga rẹ ní mítà pín kílò rẹ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tí tirẹ̀ bá ti kọjá 25, wọ́n á ní kó bọ́ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì tó wà ní tábìlì kejì, ẹni tó ń gún ọmọ ìka láti wo ṣúgà, tó sì ń de apá láti wo ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá tó 25, wọ́n á ní, "Ara yín dá ṣáṣá, ẹ máa lọ sílé." Ohun tí wọ́n fi ń wo ṣúgà kò kárí gbogbo èèyàn, wọ́n sì ní láti fi nǹkan kan ṣa àwọn tó máa débẹ̀. Ó yé mi. Ohun tí wọ́n fi ṣa wọ́n ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, àwọn oníbàárà mi méjì gba ibẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù nítorí aṣọ ẹbí. Ọ̀kan ń ta iṣu ní ọjà Bódìjà, èkejì ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì. Wọ́n na páálí sí mi bí ọmọ iléèwé tó gba òdo. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Kílò 82 ni àwọn méjèèjì. Ẹsẹ̀ bàtà 5 àti ínṣì 4 ni gíga àwọn méjèèjì. Nọ́ńbà 31 ni wọ́n kọ fún àwọn méjèèjì, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì wà lábẹ́ rẹ̀: "Sanra jù. Dín oúnjẹ kù."

Mo fa téèpù yọ. Ìyá oníṣu, ní ínṣì: àyà 42, wéèsì 33, ìdí 47. Nígbà tí mo na téèpù yí apá rẹ̀ ká, apá náà kò rọ̀ lábẹ́ ọwọ́ mi rárá. Apá ẹni tó ń bá wọn já iṣu sílẹ̀ lórí ọkọ̀ láti ìdájí ni. Ó kan obìnrin kejì: àyà 43, wéèsì 43, ìdí 42. Apá àti itan rẹ̀ tín-ín-rín, ikùn ló kó gbogbo rẹ̀ sọ́dọ̀. Ẹ̀yin ọ̀gá mi, bí mo bá fi nọ́ńbà 31 yẹn gé aṣọ àwọn méjèèjì, ti ọ̀kan á fà ya nídìí, ti èkejì kò ní pàdé níwájú, ẹnu wọn ò sì ní gbà mí ní gbogbo àdúgbò. Nọ́ńbà yẹn náà ni wọ́n fi gé ìmọ̀ràn fún wọn.

Ọmọ mi tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ló là mí lóye lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní ibi tí ọ̀rá bá wà lára ṣe pàtàkì. Ọ̀rá tó wà nídìí àti nítan, lábẹ́ awọ, kì í fi bẹ́ẹ̀ yọni lẹ́nu. Èyí tó wọnú ikùn lọ, tó lọ lẹ̀ mọ́ ìfun, tó yí ẹ̀dọ̀ ká, òun ló ń ba ilé jẹ́. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ti ìfun bọ̀ ní láti gba inú ẹ̀dọ̀ kọjá, ọ̀rá yìí á sì máa da tirẹ̀ sí i, bí ẹni ń da pàǹtírí sódò lókè nígbà tí ará ìsàlẹ̀ ń pọn ọ́n mu. Bó bá pẹ́, insulin, èròjà ara tó ń kó ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, kò ní ríṣẹ́ ṣe dáadáa mọ́, ṣúgà á máa pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á máa ru. Ìwọ̀n kò lè sọ èyí fún wa. Kò mọ ọ̀rá yàtọ̀ sí iṣan, kò mọ egungun yàtọ̀ sí omi, kò sì mọ̀ bóyá ẹni náà ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ẹ̀bà kúrò nílé ni.

Ẹ tiẹ̀ jẹ́ ká fi Anthony Joshua ṣe àpẹẹrẹ, afẹ̀ṣẹ́jà tí ìdílé rẹ̀ ti Ṣàgámù wá. Lọ́dún 2017, nígbà tó fẹ́ bá Wladimir Klitschko jà ní Wembley, pọ́ùn 250 ni ìwọ̀n rẹ̀, ìyẹn bíi kílò 113, ó sì ga tó mítà 1.98. Bí ẹ bá ṣe ìṣirò rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 29. Ẹni tó lu Klitschko dójú ilẹ̀ ní ráúǹdì 11, bó bá wá sí àdúgbò wa lọ́jọ́ yẹn, wọn ìbá kọ "sanra jù" fún un. N kò mọ ẹni tí ìbá láyà láti na páálí náà sí i. Ẹ ó ní afẹ̀ṣẹ́jà kò pọ̀ láàárín wa, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n alábàárù pọ̀ láàárín wa. Àgbẹ̀ pọ̀. Ìyá oníṣu pọ̀.

Síbẹ̀, ti ẹni tí wọ́n kọ "sanra jù" fún kò dùn mí tó ti ẹni tí wọ́n ní kó máa lọ sílé.

Panla la máa ń pe oníbàárà mi kan, ó sì máa ń dáhùn tẹ̀ríntẹ̀rín. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì ni. Ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 5 àti ínṣì 9, kílò 61 ló wọ̀n, 20 ni wọ́n kọ sórí páálí rẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un lọ́jọ́ yẹn. Ó gbé páálí náà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi bí ẹni gbé ife-ẹ̀yẹ, ó ń fi àwọn sisí tó wà lórí bẹ́ǹṣì ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n oníbàárà sí wà lórí tábìlì. Nígbà tó lọ tán, mo ṣí i sí ojú ewé rẹ̀ nítorí ṣòkòtò tó ní kí n rán. Lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, wéèsì 31, itan 22. Nígbà tí a rán aṣọ tó fi ṣe ayẹyẹ ìfẹ̀yìntì, wéèsì 34, itan 21. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, wéèsì 36, itan 19. Kílò rẹ̀ ò kúrò lójú kan, ṣùgbọ́n ẹran ara ń kó ẹrù kúrò nítan, ọ̀rá ń kó wọnú ikùn. Èmi télọ̀ rí i pẹ̀lú ojú ara mi, ẹ̀fẹ̀ ni mo sì fi ṣe. Mo ní, "Panla, ikùn owó ìfẹ̀yìntì rèé o." Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, bàtà tuntun bó o ní àtàǹpàkò ẹsẹ̀, egbò náà kò sì jinná. Nígbà tí wọ́n gún ọmọ ìka rẹ̀ wò, ẹ̀rọ kékeré náà kò gbé nọ́ńbà kankan wá, "HI" ló kọ, èyí tó túmọ̀ sí pé ṣúgà rẹ̀ ti kọjá ibi tí òun lè kà dé. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ méjì ni wọ́n gé. Ó ṣì ń wá kí mi, ó ń tẹ ọ̀pá. Àwọn àgbà ní gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ní tábìlì kejì yẹn, wọn ìbá mọ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ìwọ̀n ni kò jẹ́ kó débẹ̀.

Ẹ má rò pé Panla nìkan ni. Lọ́dún 2004, àwọn dókítà méjì gbé àwòrán ara wọn sínú Lancet, ìwé àtìgbàdégbà àwọn oníṣègùn. Yajnik láti Pune ní Íńdíà ni ọ̀kan, Yudkin láti London ni èkejì. BMI àwọn méjèèjì jẹ́ 22.3 géérégé, bí ìbejì. Nígbà tí wọ́n yẹ inú ara wò, nínú 100 ìwọ̀n ara Yudkin, 9.1 ni ọ̀rá. Ti Yajnik jẹ́ 21.2. Ó ju ìlọ́po méjì lọ. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, bẹ́ẹ̀ ohun tó wà lẹ́yìn 22.3 kò ní òǹkà.

Mo bi ọmọ mi pé ta ló kọ́kọ́ gbé ìṣirò yìí kalẹ̀, torí mo gbà lọ́kàn mi pé dókítà ńlá kan ni. Ó ní Adolphe Quetelet, ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù, onímọ̀ ìṣirò tó ń wo ìràwọ̀, ní nǹkan bí ọdún 1830 sí 1835. Aláìsàn kọ́ ló gbájú mọ́. Ohun tó ń wá ni bí èèyàn tó wà láàárín gbùngbùn gbogbo èèyàn ṣe rí. Nígbà tó yá, ó tún ṣe ìṣirò lórí àyà àwọn sójà Scotland tó lé ní 5,700, èyí tí agbaṣẹ́ṣe kan tó ń bá ológun ṣiṣẹ́ ti kó jọ. Nígbà tí mo gbọ́ èyí, mo dìde dúró. Kí ni èèyàn fẹ́ fi ìwọ̀n àyà sójà ṣe bí kò bá ṣe aṣọ? Inú ìwé télọ̀ ni bàbá yẹn ti rí èyí tó kà! Ó kàn jẹ́ pé télọ̀ kì í gbà pé ẹni àárín gbùngbùn wà. Lọ́dún 1950, àwọn ológun òfurufú Amẹ́ríkà wọn ara àwọn awakọ̀ òfurufú 4,063, kí wọ́n lè mọ bí àyè ìjókòó inú ọkọ̀ ṣe yẹ kó rí. Gilbert Daniels mú ìwọ̀n mẹ́wàá nínú rẹ̀, gíga, àyà, ọwọ́ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ó wá ẹni tó bọ́ sí àárín nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Kò rí ẹyọ ẹnì kan. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi tó wà ní oṣù kẹta ìbá ti sọ fún un lọ́fẹ̀ẹ́.

Orúkọ BMI gan-an, ọdún 1972 ni Ancel Keys, ará Amẹ́ríkà, fún un, lẹ́yìn tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo àwọn ọkùnrin tó lé ní 7,000 láti orílẹ̀-èdè márùn-ún. Ọkùnrin nìkan. Àwa tí wọ́n ń wọ̀n jù lónìí ní ilé ìwòsàn, àwa ìyá ọmọ, kò sí ẹyọ kan nínú wa níbẹ̀. Ìlà 25 náà kò sì sọ̀kalẹ̀ láti ọ̀run. Títí di ọdún 1998, nǹkan bíi 27 ni Amẹ́ríkà fi ṣe ìlà tiwọn. Wọ́n fà á wálẹ̀ sí 25 lọ́dún náà, ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù èèyàn sì sùn ní alára dídá, wọ́n jí ní ẹni tó sanra jù, láì jẹ òkèlè kan lé e.

N kò tíì sọ ti ìyá mi.

Ìyá mi ṣàìsàn pẹ́, ó rù kù egungun. Nígbà tí ara bẹ̀rẹ̀ sí í mókun, a ń mú un lọ sí ilé ìwòsàn kan, ìwọ̀n sì ni wọ́n fi ń kí i káàbọ̀. Kílò 54. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, 57. Lẹ́yìn ìyẹn, 60. Ayọ̀ ńlá! Nọ́ọ̀sì náà ń yọ̀, àwa ń yọ̀: "Màmá ti ń sanra o!" Ẹ ẹ̀ rí i pé nínú èdè wa, ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ dùn létí. Bí etí mi ṣe ń gbọ́ ọ, "sàn" àti "ara" ló pàdé níbẹ̀. Bí èèyàn bá pàdé rẹ lọ́jà tó ní o ti sanra, ó ń kí ọ ni. Bó bá ní o rù, o ó lọ wo dígí nígbà tí o bá délé. Torí náà, kò sẹ́ni tó bi ìwọ̀n léèrè pé kí ló ń gbé gan-an.

Èmi ni mo kọ́kọ́ fura, aṣọ ló sì fi hàn mí. Ó ní kí n bá òun tú ẹ̀gbẹ́ bùbá kan torí ó ti ń há. Mo wọn apá rẹ̀: apá kò kúrò bó ṣe wà nígbà tó ń ṣàìsàn. Wéèsì ló fi ínṣì mẹ́rin lé. Sálúbàtà rẹ̀ kò wọlé mọ́, okùn rẹ̀ ti fi ojú ìlà sí ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Mo fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun rẹ̀, mo mú ọwọ́ kúrò, ihò náà dúró síbẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn fi ìka tẹ ẹ̀kọ tútù. Ní alẹ́, ìrọ̀rí mẹ́ta ló fi ń sùn kó tó lè mí dáadáa. Ọkàn rẹ̀ ni kò lágbára mọ́ láti ti ẹ̀jẹ̀ lọ bó ṣe yẹ, omi sì ń dúró sí ara. Gbogbo kílò 6 tí a jó lé lórí, omi ni. Dókítà tó rí i lẹ́yìn náà fún un ní oògùn tó ń mú kó tọ̀, láàárín ọjọ́ mẹ́wàá ó padà sí 55, ojú rẹ̀ sì wálẹ̀. Ó rù, ara rẹ̀ sì yá. Ẹ gbé ìyẹn sórí ìwọ̀n kí ẹ wò ó.

Ilé iṣẹ́ yín kò ṣàìmọ irú ẹ̀tàn yìí. Láàárín ọdún 1930 sí 1939, dókítà obìnrin kan, Cicely Williams, tó ń ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, tí a ń pè ní Gánà lónìí, kọ̀wé nípa àwọn ọmọdé tí oúnjẹ kò ṣe lára lóore, tí ẹsẹ̀ àti ojú wọn wú. Orúkọ tí àwọn Gã ń pè é ló gbà, kwashiorkor, àìsàn tó ń bá ọmọ tí àbúrò lé kúrò lẹ́nu ọmú. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè má fúyẹ́ lórí ìwọ̀n, torí omi tó kún ara rẹ̀ ń bá a wúwo, bẹ́ẹ̀ ebi ń pa á kú lọ. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ yín láti tẹ ẹsẹ̀ ọmọ méjèèjì wò, tí wọ́n sì fún wọn ní téèpù aláwọ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń yí ká apá òsì ọmọ. Bí apá ọmọ tó wà láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 11.5, ọwọ́ á bọ́ sí ojú pupa, wọ́n á sì sáré gbà á tọ́jú. Kí téèpù yẹn tó dé, àwọn ìyá wa ń so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọmọ nídìí. Bó bá ń há, ọmọ ń dàgbà nìyẹn. Bó bá ń yọ̀ bọ́ sílẹ̀, wọ́n á ké sí ẹni tó mọ̀ jù wọ́n lọ. Téèpù ti wà lọ́wọ́ yín fún ọmọdé. Kí ló dé tó jẹ́ pé bí ọmọ náà bá dàgbà tán, ìwọ̀n nìkan ló kù fún un?

Lọ́dún 2022, àjọ tó ń ṣètò ìlànà ìtọ́jú fún ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìlú Ọba, èyí tí wọ́n ń pè ní NICE, gba àwọn àgbà tí BMI wọn kò tó 35 nímọ̀ràn pé kí wéèsì wọn má ṣe tó ìdajì gíga wọn. Kò nílò fóònù, kò nílò iná mànàmáná. Mo dán an wò ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ tí mo gbọ́. Mo na òwú láti àtàrí dé gìgísẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi, mo gé e, mo ṣẹ́ ẹ sí méjì, mo ní kí oníkálukú yí i ká ikùn. Ti àwọn mẹ́ta pàdé, ó tún ṣẹ́kù. Ti ìkẹrin pàdé gẹ́lẹ́. Wọ́n ní ó kan ọ̀gá. Tèmi, ínṣì mẹ́rin àti ààbọ̀ ló kù kó pàdé. Wọ́n kò rẹ́rìn-ín, torí mo wò wọ́n bákan. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni mo lọ de apá, wọ́n sì ti bá ẹ̀jẹ̀ ríru nílé. Mo ń lo oògùn rẹ̀ báyìí.

Ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ ọwọ́ kan kún un fáwọn nọ́ọ̀sì yín. Gbogbo èèyàn ló ń fa ikùn mọ́nú bí téèpù bá ti kàn án, ọkùnrin ò gbẹ́yìn. Bí wọ́n bá ń pàṣẹ fún wọn pé kí wọ́n mí síta, wọ́n á mí síta, wọ́n á sì tún fà á mọ́nú padà. Ohun tí èmi máa ń ṣe ni pé mo máa ń bi wọ́n léèrè iye tí wọ́n ra aṣọ. Bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, ikùn á bọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Kí wọ́n sì wọ̀n ọ́n láàárín egungun ìhà ìsàlẹ̀ àti orí egungun ìbàdí, lórí ara, kí ìró má ṣe wà níbẹ̀. Ẹni tó bá wọn wéèsì lórí ìró, aṣọ ló wọ̀n.

Ẹ dákun, ẹ má ṣì mí gbọ́. N kò sọ pé kí ẹ kó ìwọ̀n dànù. Òun ni wọ́n fi ń mọ iye oògùn tó yẹ ọmọ, aboyún sì nílò rẹ̀, ẹni tó bá sì rù lójijì láìmọ ìdí yẹ kó sáré wá yín. N kò sì sọ pé ọ̀rá kò léwu. Tèmi ti fi ojú mi rí nǹkan. NICE kan náà ní kí wọ́n tètè máa fura sí àwa aláwọ̀ dúdú tó ti Áfíríkà wá, láti 23 dípò 25, torí ṣúgà máa ń kàn wá lára kí a tó sanra tó àwọn òyìnbó. Ìyẹn ni pé páálí 24 tí ẹ fi ń kí wa kú oríire lè máa tàn wá ju bó ṣe ń tan àwọn tó ṣe ìlà náà lọ. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ ní oṣù kẹfà ọdún 2023 pé BMI nìkan kò tó láti fi ṣèdájọ́ ẹnì kan. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, ìgbìmọ̀ kan tí Lancet gbé kalẹ̀ ní kí wọ́n máa fi wéèsì tàbí àyẹ̀wò ọ̀rá gan-an kún un, kí wọ́n sì ya ẹni tí ọ̀rá ti ń dá àìsàn sí lára sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ara rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Télọ̀ kọ́ ló ń sọ ọ́ mọ́.

Ohun tí mò ń tọrọ kò pọ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìwọ̀n jẹ́ aṣọ́nà tó ń pinnu ẹni tó máa dé tábìlì kejì. Bó bá jẹ́ pé ohun èlò kò tó, ẹ fi ọjọ́ orí kún un, ẹ bi wọ́n bóyá ìtọ̀ ṣúgà wà nínú ẹbí, ẹ yí téèpù ká wọn. Ẹ sì bá wa kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní ọ̀rọ̀ tí èèyàn lè gbọ́. Ìyá oníṣu yẹn kò tíì padà lọ sí ilé ìwòsàn kankan láti ọjọ́ náà. Ó ní wọ́n á tún sọ pé òun jẹun jù, bẹ́ẹ̀ orúnkún ló ń dùn ún.

Ní oṣù tó kọjá, mo ra téèpù méjìlá ní Gbági. Mo mú ọ̀kan lọ fún mètírọ́ọ̀nù tó wà ní ilé ìtọ́jú kékeré ìtòsí wa. Obìnrin pẹ̀lẹ́ ni, ó gbà á tayọ̀tayọ̀, ó sì wọn ẹni mẹ́ta lójú mi. Ìgbà tó fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ ló dúró. Ó yí fọ́ọ̀mù náà síwá, ó yí i sẹ́yìn. Àyè wà fún kílò, àyè wà fún gíga, àyè wà fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Kò sí àyè fún wéèsì. Ó fi bírò kọ ọ́ sí etí ìwé, níbi tí wọ́n máa ń lu ihò sí. Ìjọba ló ń tẹ fọ́ọ̀mù yẹn, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ìlà kan péré ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún, láàárín gíga àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Téèpù mọ́kànlá tó kù wà nínú àpótí òwú mi, ẹ lè rán èèyàn wá gbà wọ́n nígbàkígbà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Télọ̀ kan ní Ìbàdàn